Àwọn Ọmọ Tí A Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Owó-Orí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ohun tí mo rí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọmọ, bí mo ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wọlé ọkọ. Mo gbàdúrà tán, mo gbórí lé Bíbélì, oorun gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun di ọwọ́ mi mú. Ó mú mi dé ibi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́. Obìnrin àgbàlagbà kan jókòó níbẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ọkùnrin náà ní, "Èyí ò bímọ láyé, kò sì purọ́ nítorí ọmọ. Ó ti sinmi." Mo fẹ́ jókòó tì í. Ó ní, "Àyè tìrẹ kọ́ nìyí."

Bí a ṣe yíjú padà ni ooru gbá mi lójú, mo rí àwọn òpùrọ́, ahọ́n wọn ń jó, kò sì jó tán, mo rí àwọn tó ń ni mẹ̀kúnnù lára, wọ́n ń fi orí ru àpáta gbígbóná, mo fẹ́ sá, mo sì gbọ́ ohùn ọmọdé nínú èéfín, "Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì," mo wẹ̀yìn, kò sí ẹlòmíràn, èmi ni wọ́n ń pè.

Ọmọ mẹ́ta jáde wá. Wọn ò lójú, wọn ò nímú. Èyí tó kéré jù ní, "Ìyá wa, ẹ sọ wá lórúkọ, ẹ ò bí wa. Níbo ni ká lọ?"

Ọkùnrin náà ní, "Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú. Ìwọ lo fọwọ́ sí i."

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni. Ọkọ mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nílé wa. Nígbà tí àwa méjèèjì lọ kọ fọ́ọ̀mù owó-orí rẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ti ń béèrè ìyàwó àti ọmọ tí èèyàn ń bọ́, torí wọ́n máa ń dín owó náà kù fún ẹni tó ní ọmọ, ìyàwó náà sì ní láti fọwọ́ sí i. Ọkọ mi kọ orúkọ mẹ́ta yẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì bímọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti san owó orí rẹ fún bàbá rẹ, ṣé kí n tún san gbogbo ti ìjọba? Ṣebí à ń gbàdúrà fún wọn? Ìgbàgbọ́ nìyẹn. Fọwọ́ sí i."

Mo fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ọ́fíìsì owó-orí wò ó, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Ìdòwú yẹn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ẹnu mi ò gbọ̀n. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀.

Nínú ìran náà, mo wólẹ̀ níwájú ọkùnrin aláṣọ funfun náà, mo ní kó jẹ́ kí n gbé àwọn ọmọ náà lọ. Ó ní, "Kò sí ohun tí wàá gbé. Lọ pa orúkọ wọn rẹ́."

Mo ní, "Tí mo bá pa á rẹ́, ṣé màá bí òmíràn?"

Mo jí, omijé wà lójú mi.

Ẹ̀yin ìyàwó tí ọkọ ń kọ̀wé fún, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ojú kan náà ni ìdájọ́ máa fi wo ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Olówó orí mi, mo rí yín níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ síta. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹ jẹ́ ká jọ padà lọ sí ọ́fíìsì owó-orí. Tí akọ̀wé bá bi wá pé ọmọ mélòó, ká jọ sọ fún un pé kò sí.