Káàdì Tí Gbogbo Ṣọ́ọ̀ṣì Ṣe Àmín Sí

Orí ìlà bọ́ọ̀sì ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Jamaica lókè òkun níbí ni mo wà láàárọ̀ àná, nígbà tí màmá kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó dojú kọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀.

"Olè kan fi orúkọ mi gba káàdì ìrajà àwìn, ó ná an, kò san. Ni àwọn oníǹṣọ́ránsì mọ́tò bá tìtorí gbèsè yẹn ní èmi ni kò ṣeé fọkàn tán, wọ́n pe owó tí apá mi ò ká. Mọ́tò mi wá wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mi ò fi họ ẹnikẹ́ni lára rí! Ṣé gbèsè ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì ni?"

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ròkè: "Ṣé gbèsè ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi í léèrè.

"Mọ́mì, báwo ni olè yẹn ṣe rí nọ́ńbà yín?"

"Nígbà tí káàdì social security mi, tí nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá mi mọ̀ wà lára rẹ̀, dé, mo ya fọ́tò rẹ̀ sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi jẹ́rìí. Gbogbo wọn ló ṣe àmín."

"Ẹnì kan ṣe àmín, ó sì da nọ́ńbà kọ. Ẹ mú ìwé ọlọ́pàá lọ bá àwọn oníǹṣọ́ránsì, mà, kí wọ́n mọ̀ pé olè ló jẹ gbèsè yẹn."

"Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Oníǹṣọ́ránsì mìíràn ti gbà mí, ó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Káàdì wọn nìyí. Ọlọ́run tóbi!"

Ó fa fóònù yọ. "Jọ̀ọ́, bá mi dì í mú dáadáa kí n yà á. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò ní gbà gbọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ ò bá hàn."