Bádírù Tí Kì Í Búra, àti Ìwé Alùpùpù Sẹ́fíù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ọkàn tó sì ń rí inú rẹ̀. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ òní kò gùn: wàájíbì ni ẹ̀rí jíjẹ́, dandan ni. Ẹni tó bá mọ òtítọ́, tó wá gbé e mì nítorí ìlara, kó má tan ara rẹ̀ pé òun kò sáà purọ́. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní orogún.

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó, Bádírù lórúkọ rẹ̀, mẹkáníìkì alùpùpù ni. Òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun àti mẹkáníìkì míì tó ń jẹ́ Sẹ́fíù níṣẹ́, ṣùgbọ́n Bádírù ló ṣáájú débẹ̀. Ẹ fọkàn sí ìyẹn o. Bàbá arúgbó kan, tó ti ṣe wòléwòlé rí, ní ògbólógbòó alùpùpù kan tó ti dípẹtà lábẹ́ ilé adìẹ. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì lọ kí i, bàbá ní, "Sẹ́fíù, gbé irin yẹn lọ. Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ." Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Bádírù gan-an ló bá a gbé férémù rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Èmi tí mo ṣáájú rẹ̀ kọ́ṣẹ́! Ṣé bàbá yìí ò rí mi ni?"

Kò pẹ́ sí i, bàbá kú. Sẹ́fíù bẹ̀rẹ̀ sí í to alùpùpù. Ẹ́ńjìnnì bàbá kò ṣe é tún ṣe mọ́, ó wá òmíràn rà lọ́jà àlòkù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rọ táńkì, ó kùn ún dán. Àwọn ọlọ́mọge ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníbàárà á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Bádírù kọjá, á lọ máa wo alùpùpù ẹlòmíì! Ṣé ó dùn ún? Wàlláì, ó dùn ún dé egungun! Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bó bá ń pe ìrun lọ́wọ́, tó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ń kùn lókèèrè, á ṣi ìpè náà pè.

Ṣùgbọ́n ìjọba kò fẹ́ alùpùpù tí kò níwèé. Sẹ́fíù lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà. Akọ̀wé wò ó títí, ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí ní rìsíìtì. Férémù ńkọ́? Orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí rẹ̀, onítọ̀hún sì ti kú. Lọ mú ẹni tó rí i nígbà tó fún ọ, kó wá búra ní kóòtù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irin olè la ó pè é."

Sẹ́fíù ò tiẹ̀ bẹ̀rù. Ó kọrí sọ́dọ̀ Bádírù.

"Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ̀yin náà lẹ wà níbẹ̀. Ẹ wá bá mi búra."

Bádírù ronú. Kó ní òun kò sí níbẹ̀? Ó bẹ̀rù irọ́. Kó wá lọ fẹnu ara rẹ̀ gbé Sẹ́fíù ga? Láéláé! Ló bá fa tẹ̀sùbáà yọ.

"Àbúrò mi, o mọ̀ mí. Èmi kì í gbá Kùránì mú búra. Mo bẹ̀rù Ọlọ́hun."

Sùbúhánálláà! Ẹ ò rí i bí ṣàítánì ṣe ń wọ jálàbíà?

Sẹ́fíù gbà á gbọ́. Aráàlú tiẹ̀ ń yin Bádírù pé ó bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọlọ́pàá wọ́ alùpùpù lọ, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe Sẹ́fíù ní olè lójú pópó. Àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dá ẹrù ìdána padà: "A ò fọ́mọ fún olè." Bádírù gbọ́. Ó jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, Múráínà, ọmọ bàbá tó kú, dé láti Kàdúná. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó lọ búra ní kóòtù gẹ́gẹ́ bí àrólé bàbá, wọ́n gbà á, ìwé alùpùpù sì jáde. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló dìde láàárín jámáà.

"Bàbá mi sọ fún mi lórí fóònù pé òun fún Sẹ́fíù ní irin náà, pé Bọ̀dá Bádírù ló bá a gbé e jáde. Bọ̀dá, mo gbọ́ pé ẹ kì í búra. Ó dára. Àmọ́ tí wọ́n ń pè é lólè lójú títì, ṣé ẹ nílò Kùránì lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó lè sọ pé kì í ṣe olè?"

Bádírù tẹjú mọ́ ẹní.

Ìwé ti jáde o, ṣùgbọ́n wọ́n ti so yìgì àfẹ́sọ́nà Sẹ́fíù fún ẹlòmíì. Sẹ́fíù bá Bádírù níbi tó ti ń wá bàtà rẹ̀. Kò bú u. Ó ní, "Bọ̀dá, bó bá jẹ́ irin yẹn lẹ fẹ́, ẹ̀ bá sọ fún mi. Ǹ bá gbé e fún yín."

Ẹ̀yin ará mi, ta ló mọ̀ nínú wa tí kò sọ? Ta là ń wò níran, tá a ní a kì í dá sọ́ràn ọlọ́ràn? Ọlọ́hun, má jẹ́ ká fi ìbẹ̀rù Rẹ bo ìlara wa mọ́lẹ̀. Tọ́ wa sọ́nà, tú ahọ́n wa sílẹ̀ fún òtítọ́, kí oore tó o ṣe fún ọmọnìkejì wa má di àìsàn sí wa lára. Àmín, àmín, yáà Ọlọ́hun.