Eyín Mi Mẹ́ta àti Fèrè Bàrákàt

Òótọ́ yìí ti pẹ́ lábẹ́ ahọ́n mi, ó tó kó jáde wàyí. Àmọ́ kí n tó dé orí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwà òmùgọ̀ mi. Iléyá tó ṣáájú ti èṣí, Hajarat ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ fi egungun ọrùn àgbò yẹn sílẹ̀, ẹ ti dàgbà jù ú." Mo ní ta ló dàgbà? Mo gé e jẹ. Eyín iwájú mẹ́ta ló bá egungun lọ. Ẹni àádọ́rin ọdún ń bá àgbò tó ti kú jà, àgbò sì borí.

Èmi ni mo dá ẹgbẹ́ afunfèrè wa sílẹ̀ ní Joju, àwa méje péré. Iṣẹ́ tí a fi ń jẹun ni: ìgbéyàwó, ìwúyè, ayẹyẹ iléeṣẹ́ nílùú Ṣàngó. Èmi náà ni mo ń fun fèrè tó ń ṣáájú orin. Ètè àti eyín ló sì ń gbé fèrè onídẹ ró. Eyín àtọwọ́ṣe tí mo lọ fi sẹ́nu kò gbà á. Bí mo bá fun ún báyìí, yóò kàn máa dún fììì bíi táyà tó ń jò. Ó yẹ kí n sọ fún wọn. Ìgbéraga ò jẹ́.

Ìgbà náà ni Bàrákàt dé, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ó fun fèrè fún mi gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara mi yá gágá. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yìn mi gan-an lẹni tuntun ń dúró sí. Ohun tí mo bá ń fun ni kó o máa fun, fun ún sókè dáadáa." Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Bí èmi ṣe ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bí ọ̀pọ̀lọ́ nìyẹn, ìka mi ń tẹ orí fèrè, ìdí mi ń jó, òun ló sì ń fun. Àwọn èèyàn á ní, "Ìyá yìí mà léèmí o." Èmi olè á tẹríba, á gba ìyìn.

Ó di oṣù mẹ́wàá. Umar, tó ń fun fèrè ńlá, ní, "Màmá, ó tó kí Bàrákàt di ọmọ ẹgbẹ́ gan-an, kó bọ́ síwájú." Bó bá bọ́ síwájú, ta ni yóò fun tèmi? Ibi tí mo ti bàjẹ́ jù lọ nìyí. Lójú gbogbo wọn, lójú ọmọ náà, mo ní, "Kò tíì mọ̀ ọ́n fun. Èmi tó wà níwájú rẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ." Bàrákàt wò mí. Ó nu fèrè rẹ̀, ó fi í sápò, ó lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a lọ ṣeré ìgbéyàwó ní Alápòtí. Mo gbé fèrè sẹ́nu níwájú ìyàwó. Fììì. Umar ní, "Màmá, ṣé iná lẹ̀ ń fẹ́ ni?" Ẹ̀rín pa ìyàwó, ó pa ọkọ, ó pa èmi gan-an. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, ojú tì mí. Mo yọ eyín mi sọ́wọ́, mo fi han àwọn ọmọ ẹgbẹ́, mo jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ni Umar bá gun ọ̀kadà lọ pe Bàrákàt.

Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀ dé. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀, mo ní kó forí jì mí. Ó fà mí dìde, ó bọ́ síwájú, ó fun fèrè títí àwọn tó ń jẹun fi gbé oúnjẹ sílẹ̀. Èmi di agogo mú lẹ́yìn, mò ń lù ú kíkan. Mi ò jó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ó sún mọ́ mi, ó ní, "Màmá, Adéṣọlá tí wọ́n ní ó wà nínú ẹgbẹ́ ṣáájú mi, tí ẹ lé lọ pé kò léèmí, ṣé òun náà mọ̀ ọ́n fun?"