Ilé Tí A Ń Rán An Lọ

Rárá o, Bọ̀dá mi, ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀! Ọdún márùndínláàádọ́ta tí mo lò láyé, ìfarabalẹ̀ náà ni mo ń ṣe, mo ń ru búlọ́ọ̀kù, mo ń po kankéré, ta ló gbóhùn mi rí? Ẹ ó gbọ́ ọ lónìí. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Ẹ wáá jókòó sórí àga mi, ẹ ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní ká fi ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé, torí pé ó fún yín níṣẹ́ lóṣù tó kọjá!

Ẹ ní kí ló gbé ọmọ dé ilé rẹ̀? Èmi ni! Èmi baba rẹ̀! Ṣebí òun ni ọ̀gá bíríkìlà wa, òun ló ń yan ẹni tó máa ṣiṣẹ́, gbogbo àwa lébírà la sì ń fi ọmọ wa obìnrin ránṣẹ́ sí i ní Sátidé, kó lọ gbálẹ̀, kó fọ aṣọ, kí ọ̀gá lè rántí wa ní Mọ́ńdè. Ta ló ń rán ọmọkùnrin? Kò sẹ́nìkan! Bọ́ọ̀lù làwọn ń gbá níta. Ọmọ yìí ní inú ń run òun, mo ní ọ̀lẹ ni. Ó sá sẹ́yìn balùwẹ̀, mo fà á jáde. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé ìgbálẹ̀ fún un, mo ní, ohun tí àgbà bá ní kó ṣe, kó ṣáà máa wí pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Yéè! Mo gbé!

Ìyá rẹ̀ ò bi í, èmi ò bi í. Àjèjì ló bi í, Bọ̀dá. Obìnrin yunifásítì tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń wádìí bí a ṣe ń tọ́ ọmọkùnrin àti bí a ṣe ń tọ́ ọmọbìnrin. Mo tilẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, mo ní irú iṣẹ́ wo ni kí odidi èèyàn máa béèrè ẹni tó ń fọ abọ́. Àfi ìgbà tó kan ọmọ mi, tó ní, ǹjẹ́ ilé kan wà tí wọ́n máa ń rán ọ lọ tí o kì í fẹ́ lọ? Ọmọ kọ́kọ́ wò mí. Ó ń wò ó bóyá n ó na òun! Kó tó bú sẹ́kún, kó tó sọ ohun tí ọ̀gá ń fi òun ṣe.

Ẹ ní aṣọ rẹ̀ fún jù? Aṣọ iléèwé tó ti gbó ló ń wọ̀ lọ! Ẹ ní bí ọkùnrin ṣe rí nìyẹn? Èmi wá ńkọ́, obìnrin ni mí? Ẹ ní ọ̀gá máa fẹ́ ẹ tó bá dàgbà? Ẹ tún un wí! Ọlọ́run gbọ́, ẹ tún un wí, ẹnu ọ̀nà nìyẹn! Mo ti dé àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀. Mo mọ orúkọ mi kọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Kó gba iṣẹ́ rẹ̀! Búlọ́ọ̀kù pọ̀ láyé.

Ẹ má tíì dé fìlà. Ẹ dúró ná. Ṣebí Sátidé lòní? Ẹ ní ilé ọ̀gá lẹ ti ń bọ̀, ẹ ní ó ṣe yín lálejò, wọ́n gbé omi tútù fún yín. Ta ló gbé e wá? Ọ̀gá tí kò níyàwó nílé! Ta ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀ lónìí?

Bọ̀dá, mò ń bi yín. Ọmọ yín obìnrin dà?

Ẹ má wolẹ̀. Ọmọ yín dà?

Háà!

Ẹ dìde. Ẹ fi bàtà sílẹ̀, ẹ dìde bẹ́ẹ̀! Ẹ sáré!