Agolo Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ròkíátù

Ọdún mẹ́ta ni Wúlẹ̀mọ̀tù fi di òótọ́ mọ́nú, àmọ́ ọjọ́ tí òótọ́ fẹ́ jáde, kò bi í léèrè. Lọ́dún 1957 ni. Ó ń rẹ̀ ẹ́, òòyì ń kọ́ ọ, ló bá lọ rí nọ́ọ̀sì n'Ífọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀.

"Lẹ́yìn oúnjẹ ni kẹ́ ẹ máa lò ó, Ìyá. Ẹ má ṣe lò ju iye tí mo ní kẹ́ ẹ lò. Ìgbẹ́ yín á dúdú bí èédú. Ẹ má fòyà, bí oògùn náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní tó."

Gbólóhùn ìgbẹ́ dúdú yẹn ló mú Wúlẹ̀mọ̀tù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó délé, ó sọ fún Màmúdù ọkọ rẹ̀ pé àfi káwọn lọ sí Mówè, sọ́dọ̀ Ròkíátù, ìyàwó kékeré tí Màmúdù lé lọ.

Ní Mówè, Bùrẹ́ímọ̀, bàbá Ròkíátù, kò fún wọn níjòókòó. Kò fọwọ́ kan obì tí wọ́n kó wá.

"Ta ló tún kú n'Ífọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ dì ru ọmọ mi?"

Ròkíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kò gbójú kúrò lọ́wọ́ Wúlẹ̀mọ̀tù. Wúlẹ̀mọ̀tù kúnlẹ̀. Ìyáálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó.

"Bàbá, ọmọ yín kọ́ ló pa ọmọ mi. Èmi ni. Nígbà tí Ròkíátù lóyún, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi ṣúgà bò. Mò ń ṣọ́ ọ. Mo tẹ̀ lé e dé ṣáláńgá, mo rí i pé ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú. Mo ní oògùn tí yóò fi gba ọkọ lọ́wọ́ mi ló ń gbé mì. Lọ́jọ́ tó lọ pọnmi, mo yọ́ wọ yàrá rẹ̀, mo jí agolo náà, mo tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí mi, kí n lè gbé e lọ fún ẹni tí yóò bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi mí pé, 'Ìyáálé mi, ẹ ò bá mi rí agolo oògùn mi?' Mo ní, 'Ṣé èmi ni mò ń bá ọ tọ́jú ẹ̀ ni?'"

Màmúdù ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Lọ́jọ́ kejì, Sùwéébátù mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Àwọ̀ ewé wà létè rẹ̀. Ó ní, 'Ìyá, mo ti jẹ súìtì yín.' Agolo ti ṣófo. Kò pẹ́, ó ń bì, ẹ̀jẹ̀ wà nínú èébì náà. Ròkíátù ní, 'Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì!' Mo kọ̀. Ẹ gbọ́ mi o, mo kọ̀! Nọ́ọ̀sì á bèèrè ohun tó jẹ, á sì bèèrè ibi tó ti rí i. Mo ní aràn ni. Nígbà tó dọ̀sán, èébì dá, ọmọ jókòó, ó ní kí n fún òun lẹ́kọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé àṣírí mi bò. Ìyá wo ló ń dúpẹ́ àṣírí nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ti tutù. Kí wọ́n tó kírun Àílà, a ti sin ín."

Ó forí kanlẹ̀ níwájú Bùrẹ́ímọ̀.

"Ìyẹn nìkan kọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, mo gbé agolo òfìfo náà, mo tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí Ròkíátù. Mo wá figbe ta pé kí wọ́n tú yàrá rẹ̀ wò. Wọ́n rí agolo náà, wọ́n ní Ròkíátù ló fi pa ọmọ mi."

Màmúdù fọwọ́ bojú. Òun ló ju ẹrù aboyún síta lọ́jọ́ náà.

Ròkíátù ò sunkún. "Láti ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n gbé ọmọ òun. Bí mo bá dáná, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú wọn. Ẹ dìde, ìyáálé mi. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè forí jì yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ n'Ífọ̀ ná, lójú àwọn tó pè mí lápànìyàn."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Wúlẹ̀mọ̀tù sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn kan tutọ́ sílẹ̀. Àwọn kan fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Kò yẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ lo oògùn bí wọ́n bá ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sọ́mọdé. Ohun tó bá rú yín lójú, ẹ bèèrè. Èmi ò bèèrè. Ẹ bá mi bẹ Ròkíátù. Ní ti Sùwéébátù, bó bá bi mí léèrè lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún un."