Àga Tí Gilbert Kò Jókòó Lé

Ẹ̀yin ará ilé àdúrà wa ní Peckham, lọ́la ni wọ́n ń gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Òótọ́ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde kí wọ́n tó kùn mí lóorun.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a háyà bọ́ọ̀sì lọ wo ààfin olódi àtijọ́ nì ní Kent, tí wọ́n ti sọ di mùsíọ̀mù. Gbogbo wa wọ sùtánà funfun, bí ẹni pé ọba òyìnbó tó ti kú tipẹ́ ń retí wa. Nígbà tí ẹ rí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré inú ààfin, ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọlé lọ gbàdúrà, ẹ ní kí èmi Wòlíì ṣọ́ bàtà. Mo ṣọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àga ọba wà ní gbọ̀ngàn kejì, wọ́n fi okùn pupa yí i ká. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọọba ni mò ń pe ara mi. (Bàtà ni baba mi ń rán. Ìyẹn náà wà lára ìjẹ́wọ́.) Mo fo okùn, mo jókòó, mo na fóònù síwájú, mo rẹ́rìn-ín bí ọba. Bí mo ṣe ya fọ́tò tán, apá àga dún ká! Ó kán. Mo sá padà sídìí bàtà yín.

Ẹ̀yìn sùtánà nìkan ni kámẹ́rà wọn rí. Òyìnbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wo àwòrán, ó wo ogójì sùtánà, ó tún wo àwòrán, ó mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, Mummy Sẹ̀gilọlá ní, "Wòlíì, ẹ bá wa bi Ẹ̀mí. Ta ló dójú tì wá?" Ẹ̀mí kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èmi àti Gilbert la jọ ń du oyè àgbà ìjọ. Mo dijú, mo gbọ̀n jìnnìjìnnì, mo ní, "Gilbert ni."

Sístà Tẹniọlá pariwo pé, "Háà! Ẹ̀gbẹ́ mi kọ́ ló kúnlẹ̀ sí nígbà tí à ń gbàdúrà láàfin ni?"

Gilbert dá a lóhùn pé, "Ẹ fi sílẹ̀, Sístà. Wòlíì kì í parọ́. Bóyá mo ṣe é tí mi ò mọ̀." Ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gba àmùrè rẹ̀, wọ́n fi mí joyè.

Láti ìgbà náà lorí mi ti dà rú. Ẹni tó jókòó ò jẹ́wọ́, ẹni tí ò jókòó jẹ́wọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rí Gilbert lórí àga náà lójú àlá, kedere, tí mo fi ń bi ara mi pé àbí mo ríran lóòótọ́. Màá ṣí fóònù: èmi ni. Mi ò lè pa fọ́tò náà rẹ́. Mo rẹwà níbẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni Gilbert ń ti ibi shift rẹ̀ ní Brockley gbé ọbẹ̀ wá fún mi ní ọsibítù. Lánàá ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Wòlíì, kí ẹ tó wọ yàrá yẹn, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí nítorí àga ọjọ́sí." Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fẹnu Ọlọ́run sọ ohun tí ẹ̀ ń fẹ́. Fọ́tò náà ló tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp wa. Ẹ wo ojú ẹni tó wà níbẹ̀ dáadáa.

Bùrọ̀dá Gilbert, ẹ̀yin kọ́. Bí ẹ bá ṣì lè wá lọ́la, ẹ má gbé ọbẹ̀ dání. Ẹ ṣáà wá.