Ẹjọ́ tí Wọ́n Dá ní Ọjọ́ Iléyá

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Igbosere, níbi tí mo ti ń dúró de ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí mi, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wáyé láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá kan àti Alhaja tí ó máa ń bá àwọn lọ́yà tẹ̀wé.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Aago mẹ́wàá ni kóòtù máa jókòó. Ìdájọ́ àtijọ́ yìí ni kò ní jẹ́ kí adájọ́ fún afurasí tó wà ní àhámọ́ wa ní béèlì."

"Níbo lo ti rí i?"

"AI inú fóònù mi ló bá mi wá a. Ìṣẹ́jú kan péré!"

Alhaja wọ awò ojú rẹ̀, ó wo ìwé tí ọlọ́pàá náà da ìdájọ́ náà kọ sí. "Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbí pé wọ́n dá ẹjọ́ náà, ọjọ́ Iléyá ni. Ọdún yẹn ni mo lọ sí Mẹ́kà, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ọmọ mi, adájọ́ wo ló fi àgbò sílẹ̀ nílé tó wá jókòó sí kóòtù?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá náà tún bi fóònù rẹ̀ léèrè, ojú sì tì í.

"Ó ní kò sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun tọrọ àforíjì."

"Ó káre, ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ìwọ ló bẹ̀ yẹn o. Ta ni ì bá bẹ ọkùnrin tí ẹ ì bá fi ìwé yìí tì mọ́lé?"

Ọlọ́pàá náà ká ìwé náà sí àpò, ó sì rọra béèrè ọ̀nà ilé ìkàwé kóòtù lọ́wọ́ Alhaja.